Mítà Tí Mo Fún Ọ, àti Ìwé Tí O Fọwọ́ Sí

Fondren Southwest, Houston
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àjọkẹ́ mi,

Ó ṣeé ṣe kí ìdajì nọ́ńbà inú ìwé àyẹ̀wò tí o fún ọ̀gá rẹ ní Ọjọ́bọ̀ má tọ̀nà. Bí wọn kò bá tọ̀nà, èmi ni mo fà á. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé tí àwọn dókítà yóò ti lo ìwé náà láti pinnu bóyá kí wọ́n ra kámẹ́rà dígítà yẹn láti máa fi ya àwọn aláìsàn tàbí kí wọ́n dúró sórí fíìmù. Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Yàrá iṣẹ́ yín yóò wà ní títì, mítà tí mo fún ọ láti máa fi wọn ìmọ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn ní agogo kan ọ̀sán òní.

Nígbà tí mo pè ọ́ láàárọ̀ kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ pé mítà náà lè má tọ̀nà, o ní kí n má ṣàlàyé ìyókù lórí fóònù. O ní, "Daddy, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí a bá ń sọ ọ́ báyìí, a máa jà." Mo ti jókòó, mo ń kọ ọ́. Ìyá rẹ ni yóò gbé e wá sí apartment rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ni. Èyí tí ìwọ yóò kọ sí ọ̀gá rẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni kí o fi kọ ọ́, kí ó sì kúrú ju èyí lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí. Ní àná tí o wá jẹun lọ́dọ̀ wa, o gbé ẹ̀dà ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Inú rẹ dùn, inú tèmi náà dùn, nítorí iṣẹ́ tó mọ́ ni. O to káàdì eléérú tí a fi ń wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ṣe déédéé, aṣọ dúdú àti aṣọ funfun sí ojú kan náà. O fi kámẹ́rà fíìmù yà wọ́n, o fi kámẹ́rà dígítà yà wọ́n. O bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré jù, o sì ń fi sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan kún un títí ó fi pọ̀ jù. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi níbí, ó ń bi mí pé kí ni sítọ́ọ̀pù. Sítọ́ọ̀pù kan ni kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú kámẹ́rà di ìlọ́po méjì. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìlà méjì tí o yà sínú ìwé náà rí bí mo ṣe rò pé wọn yóò rí. Ti fíìmù ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Bí ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ pọ̀, aṣọ funfun ṣì ní ojú òwú lára. Ti dígítà lọ gbọnrangandan, ó sì dúró lójijì bí ẹni kọ lu ògiri. Láti ibẹ̀ lọ, funfun ti di funfun, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti dá a padà.

Ṣùgbọ́n káàdì eléérú, tó yẹ kí ó bọ́ sí àárín, bọ́ sókè lọ́hùn-ún lórí dígítà. O kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kámẹ́rà náà ló máa ń ya nǹkan mọ́lẹ̀ jù. Mo ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn, níbi tí o ti to àwọn ohun èlò sí. O kọ ọ́ pé, "Mítà bàbá mi ni mo lò."

O rí ojú mi. O bi mí pé, "Daddy, ṣé kò dáa ni?"

Mo ní, "Ó dáa." Mo wá béèrè bóyá o ti fọwọ́ sí i.

"Mo ti sign ẹ̀ tipẹ́. Linda ọ̀gá mi tiẹ̀ ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tuntun."

Mo dákẹ́ títí o fi gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ, tí o lọ. Mo dákẹ́ di òwúrọ̀ òní. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà yìí, èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, òun ló sì ń tì mí lójú jù.

Ohun tó wà nínú mítà yẹn nìyí. Kí n tó wọ yunifásítì, mo kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn. Ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń dá fọ́tò padà. Obìnrin kan gbé tirẹ̀ síwájú ọ̀gá mi, ó ní, "Ṣé èmi rèé, àbí ìdí ìkòkò?" Kò gbà á, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi mú mítà tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ kékeré yí sùkúrù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mítà yẹn ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó nígbà tó bá tó. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò fi sítọ́ọ̀pù kan kún un láìmọ̀, ojú àwọn èèyàn wa yóò sì jáde dáadáa. Ọ̀gá mi ní, "Àwọn tó ṣe mítà yìí ò rò ó mọ́ wa. Èmi ti rò ó mọ́ wa báyìí. Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́."

Gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká náà ń ṣe é. Fíìmù kò ráhùn rí. Nẹ́gátíìfù kàn máa ń ki díẹ̀ sí i ni, a ó sì jẹ́ kí iná pẹ́ lórí ìwé fọ́tò nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ra mítà tèmi, kí n tó fi ya ẹnikẹ́ni ni mo ti yí sùkúrù rẹ̀. N kò kọ ọ́ síbì kankan. Mo ka físíìsì ní yunifásítì lẹ́yìn náà, mo kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣìṣe ohun èlò sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn láti kọ ti mítà ara mi. Ohun tí mo fi ń jẹun ni, n kò kà á sí ohun èlò.

Ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ rí i pé àṣà yìí lè ṣèpalára. O rántí ìrìbọmi tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ìjọ wà nínú sùtánà funfun, oòrùn sì mú. Àna Bàbá Àlàgbà mú kámẹ́rà dígítà wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá wa yà á, sà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Mo fi mítà mi wọn ìmọ́lẹ̀, mo fi ohun tó sọ sórí kámẹ́rà náà, mo sì yà wọ́n. Mo tún fi fíìmù tèmi yà wọ́n ní ìdúró kan náà. Nígbà tí a wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ojú wọn jáde dáadáa. Aṣọ wọn ni kò sí. Kò sí ìṣẹ́po, kò sí bọ́tìnì, ọ̀já ìgbànú pàápàá ti pòórá.

Bàbá Àlàgbà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní, "Níbo ni aṣọ mi wà? Ṣé aṣọ ni mo wọ̀, àbí ìkùukùu?"

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé, "Ògo ni, Bàbá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ìdí tí aṣọ náà fi pòórá. Nígbà tí mo fọ fíìmù tèmi, gbogbo ìṣẹ́po aṣọ náà ló wà níbẹ̀.

Kí o má bàa fi èyí ṣe ẹ̀rí ju bó ṣe yẹ lọ: oòrùn ọ̀sán lórí aṣọ funfun lè ṣe kámẹ́rà dígítà bẹ́ẹ̀ bí mítà tilẹ̀ tọ̀nà. Ohun mìíràn tún wà. Ọjọ́ náà gan-an ni mítà náà já bọ́ lọ́wọ́ mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Minh, ará Vietnam tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa. Ó tún un ṣe, ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun ti nu inú rẹ̀, òun sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá ó dá sùkúrù náà padà sí àmì tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i, tàbí ó fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a, n kò béèrè. Lẹ́yìn náà ni o rí iṣẹ́ yìí. Mo kun awọ àpò mítà náà, mo ra bátìrì tuntun sí i, mo gbé e fún ọ. Mo rántí bátìrì. N kò rántí sùkúrù.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Bí Ọ̀gbẹ́ni Minh bá ti tún un tò, ìwé rẹ dúró, kámẹ́rà yẹn ló sì ń ya nǹkan mọ́lẹ̀ jù lóòótọ́. Bí kò bá tún un tò, gbogbo ohun tí o fi dígítà yà ló ti gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí o kọ sílẹ̀ fún un. Fíìmù gba ìlọ́po méjì bákan náà, ṣùgbọ́n fíìmù gbé e mì, kò sì fi hàn.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Kì í ṣe bí o ṣe fẹ́ kí ó rí.

Èkínní, pe Linda ní ilé rẹ̀ ní àárọ̀ ọ̀la. Má dúró kí ó dá ọ lójú. O sọ fún mi láàárọ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó lọ máa ba ara mi jẹ́." Èmi náà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní ìlú yìí ni, ní ilé ìfọfọ́tò kan nítòsí Galleria, kí ìwọ àti ìyá rẹ tó dé. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo ṣàkíyèsí pé àwọ̀ fíìmù tó ń jáde ń yí. Mo fura sí tẹmómítà inú omi oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, èmi ni mo sì fi í síbẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí i dájú. Mo ń wọn omi náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń ya ìlà rẹ̀. Fíìmù àwọn èèyàn sì ń bàjẹ́ lọ.

Obìnrin ará Mẹ́síkò kan wà tó máa ń po oògùn, Teresa. Òun ni máníjà di ẹ̀bi rù. Ó wá bá mi níbi tábìlì mi, ó ní, "Ìwọ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ látàná, ṣé o rí nǹkan kan?" Mo ní rárá, kò tíì dá mi lójú. Ohun tí mo sọ jẹ́ òótọ́, mo sì fi purọ́ fún un. Ní Ọjọ́bọ̀, ó dá mi lójú. Mo gbé ìlà mi lọ bá máníjà, ìlà tó rẹwà gan-an. Ó wò ó, ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?" Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n ti ní kí Teresa máa lọ. Wọ́n pè é padà, kò dá wọn lóhùn. N kò rí i mọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ni kí o sọ fún Linda. Sọ pé mítà tí o lò ti ní àyípadà nínú rẹ̀ rí, tí ẹni tó fún ọ kò sọ. Sọ pé o kò tíì mọ̀ bóyá àyípadà náà ṣì wà níbẹ̀. Sọ bí o ó ṣe mọ̀ ọ́n àti ìgbà tí o ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́, kí o jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

Èkejì, má sọ fún un pé ìdáhùn kò yí padà. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀: "Ṣebí fíìmù ṣì máa borí, Daddy? Dígítà ṣì máa pàdánù funfun, ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ sí i ni." Lórí funfun, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣí ojú ìwé kẹrin. O kọ síbẹ̀ pé kámẹ́rà dígítà náà rí gbogbo òwú inú aṣọ dúdú, nítorí náà kò ní ní ìṣòro pẹ̀lú ara àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí mítà mi bá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ìmọ́lẹ̀ àlékún yẹn ló fi àwọn òwú náà hàn. Mú un kúrò, ó ṣeé ṣe kí ibi dúdú ṣú pátápátá. Àṣìṣe kan náà ń tàbùkù kámẹ́rà yẹn ní ibi funfun, ó sì ń pọ́n ọn lé ní ibi dúdú.

Ro ẹni tí wọn yóò yà. Obìnrin bí ìyá rẹ, tí egbò wà ní ojúgun rẹ̀, tí dókítà ń wo fọ́tò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń tàn ká. Lára ẹni funfun, pípọ́n yóò hàn. Lára wa, ìyàtọ̀ kékeré láàárín dúdú àti dúdú ni dókítà ń wá. Bí kámẹ́rà kò bá mú un, dókítà yóò rò pé kò sí níbẹ̀ ni, ojú ìwé kẹrin rẹ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá yí sùkúrù yẹn kí ojú wa lè hàn. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ òun ni yóò fi ara wa pamọ́ fún dókítà.

Ìkẹta, má bò mí. Ìyá rẹ ti sọ tirẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé ẹ ti yí i, ẹ wá gbé e fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Kó máa ru ẹ̀bi yín kiri?" Kọ orúkọ mi síbẹ̀ bí wọ́n bá béèrè. Ṣùgbọ́n kọ ìpín tìrẹ náà. Mítà ilé-ìwòsàn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, o sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ. O kò gbé méjèèjì sábẹ́ iná kan náà wò, nítorí pé ọ̀kan jẹ́ ti bàbá rẹ. Ó dùn mọ́ mi nínú pé o fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ ni a fi ń yẹ mítà wò, Àjọkẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá gbé lé ọ lọ́wọ́, títí kan èyí tó bá ti ọwọ́ ọkọ rẹ lọ́la tàbí ti ọmọ rẹ wá, yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀.

Fún àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: tètè dé, kí o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn. Gbé mítà méjèèjì sí iwájú káàdì eléérú, iná kan ṣoṣo, kí o sì fi kọ́tìnì bo fèrèsé. Wò wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí o kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí wọ́n bá dọ́gba, ìwé rẹ dúró. Bí sítọ́ọ̀pù kan bá wà láàárín wọn, má ṣe jókòó kí o máa sún nọ́ńbà inú tábìlì rẹ sí ìsàlẹ̀. Sọ fún wọn pé o ní láti tún gbogbo rẹ̀ yà. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ ìdajì, tàbí nǹkan mìíràn tí èmi àti ìwọ kò retí, a jẹ́ pé ìṣubú rẹ̀ ti bà á jẹ́ ní ọ̀nà tí n kò mọ̀. Sọ ìyẹn náà bẹ́ẹ̀.

O bi mí ní ìbéèrè kan láàárọ̀. O ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni mo tíì lò níbẹ̀, Daddy. Ṣé wọn ò ní lé mi?" N kò mọ̀. N kò mọ Linda. Àsìkò ìdánwò rẹ kò tíì pé, wọ́n lè sọ pé àwọn kò fẹ́ mọ́, wọn kò sì ní láti sọ ìdí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún ọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá rẹ ṣì wà níbí, ibi tí o bá sì tún lọ, wàá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ìlà kan. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí èmi ti ń fo ìlà Teresa.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀wà wà nínú abọ́ tí òun gbé dání, àti pé kí o jẹ ẹ́ lójú òun kí òun tó padà. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti pe ilé Ọ̀gbẹ́ni Minh lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ ní ó lọ pẹja ní Galveston, òun yóò ní kí ó pè mí bí ó bá dé.

Bàbá rẹ.

Mo ti ń lẹ àpò ìwé yìí nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Minh pè. Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ó rántí mítà náà, ó rántí àpò awọ rẹ̀. Ó ní òun rí i pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan sùkúrù rẹ̀ rí, òun náà sì yí i. Kò rántí bóyá òun dá a padà sí àmì ilé-iṣẹ́ ni, tàbí ìgbà tí òun tú u palẹ̀ ni òun yí i, tí òun sì dá a padà sí ibi tí òun bá a. Ó ní òun kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ òun, òun máa ń kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé náà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń padà sí Galveston láàárọ̀ ọ̀la. Ó ní òun yóò kà á sí mi létí lórí fóònù bí òun bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní agogo mẹ́wàá, wákàtí kan lẹ́yìn tí ìpàdé yín bá ti bẹ̀rẹ̀.